Ìdákẹ́ Babo: Kíka Benito Cereno ti Herman Melville Pẹ̀lú Àwọn Ìwé tí Àwọn Ẹrú Kọ ní Amẹ́ríkà

Láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kejìlá ọdún 1855, ìwé ìròyìn olóṣooṣù kan ní ìlú New York, Putnam's Monthly, gbé ìtàn-àròsọ kan jáde ní ìpín mẹ́ta, èyí tí Herman Melville kọ, tí àkọlé rẹ̀ sì ń jẹ́ Benito Cereno. Ní ọdún 1856 ni ó kó o pọ̀ mọ́ àwọn ìtàn mìíràn nínú ìwé rẹ̀, The Piazza Tales. Ìtàn náà kò gùn tó Moby-Dick tí òǹkọ̀wé yìí kan náà tẹ̀ jáde ní 1851, kò sì kúrú tó àwọn ìtàn kéékèèké inú ìwé ìròyìn. Àárín méjèèjì ni ó wà, irú ìtàn-àròsọ tí ó di gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀ sí ojúkò kan, tí ó sì wá fi àyè sílẹ̀ fún òǹkọ̀wé láti tú inú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ palẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1855 yẹn náà ni Frederick Douglass, ẹni tí wọ́n bí sí oko ẹrú ní ìpínlẹ̀ Maryland, tẹ ìwé kejì nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ jáde, èyí tí ó pè ní My Bondage and My Freedom. Oṣù méjì péré ni ó wà láàárín ìwé méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì dá lé. Síbẹ̀ ó pẹ́ gan-an kí àwọn lámèyítọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n pọ̀, nítorí pé iṣẹ́ ọnà ni wọ́n ka ti Melville sí, ẹ̀rí lásán ni wọ́n sì ka ti Douglass sí.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń tẹnu mọ́ ni pé ìpín bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìwé ìtàn-ìgbésí-ayé ẹrú ni wọ́n ń pe àwọn ìwé tí àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú rí fi ẹnu ara wọn sọ tàbí fi ọwọ́ ara wọn kọ nípa ìyà tí wọ́n jẹ àti ọ̀nà tí wọ́n gbà bọ́, èyí tí ó pọ̀ jáde ní Amẹ́ríkà kí Ogun Abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1861. Melville kọ ìtàn àwọn ènìyàn tí wọ́n ń ṣe bí ẹrú láti ojú ẹni tí wọ́n ń tàn jẹ. Àwọn tí wọ́n sá kúrò lóko ẹrú ti kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ lọ, láti ojú ẹni tí ó ń tan ni jẹ. Babo, tí í ṣe olórí àwọn ẹ̀dá-ìtàn dúdú inú Benito Cereno, yóò jọ àdììtú lójú ẹni tí ó bá ka Melville nìkan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ka Douglass, Harriet Jacobs, William Craft àti ìyàwó rẹ̀ Ellen, kò ní í rí àdììtú kankan nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kan lórí ọkọ̀ San Dominick

Ọdún 1799 ni Melville fi ìtàn náà sí, ní èbúté erékùṣù Santa Maria ní gúúsù etíkun Chile. Amasa Delano, ọ̀gá ọkọ̀ kan láti Duxbury ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pípa ẹran omi séálì nítorí awọ rẹ̀, ti dákọ̀ró síbẹ̀ láti pọn omi nígbà tí ó rí ọkọ̀ kan tí kò ta àsíá, tí kò sì jọ pé ẹni tó ń tù ú mọ̀nà. Ó wọ ọkọ̀ kékeré lọ bá wọn, ó sì rí i pé ọkọ̀ àwọn ará Sípéènì ni, pé àwọn ènìyàn dúdú tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ dáadáa, pé kò sì sí ẹrú kankan tí wọ́n tì mọ́ ìsàlẹ̀. Benito Cereno, ọ̀gá ọkọ̀ náà, jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí àìsàn ti jẹ gbẹ, tí kò lè rìn láìjẹ́ pé ìránṣẹ́ rẹ̀ dì í mú. Ìránṣẹ́ yìí ni Babo, ọkùnrin kúkúrú kan láti Senegal, tí kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Cereno ní ìjì ni ó bá àwọn fínra ní Cape Horn, ìyẹn ṣóńṣó ilẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá Gúúsù Amẹ́ríkà, pé àrùn sì ti pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn atukọ̀ òun, ó sì pa ọ̀rẹ́ òun, Alexandro Aranda, tí ó ni àwọn ẹrú náà.

Gbogbo ohun tí Delano rí lọ́jọ́ náà ni ó yẹ kí ó là á lójú. Àwọn ọkùnrin Aṣáńtì mẹ́fà jókòó sókè, wọ́n ń nu àáké kéékèèké, ìró wọn sì ń dún lórí gbogbo ọkọ̀. Àwọn àgbàlagbà dúdú mẹ́rin ń tú okùn ọkọ̀ tó ti gbó sí fọ́nrán, ojú wọn sì ń lọ káàkiri. Atufal, òmìrán ọkùnrin tí wọ́n ní ọba ni nílẹ̀ rẹ̀, ń wá síwájú Cereno ní wákàtí méjì méjì pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, kí ó lè tọrọ àforíjì tí kò tọrọ rí. Atukọ̀ Sípéènì kan tí ó ti darúgbó di okùn ní kókó tó díjú, ó jù ú sọ́wọ́ Delano pé kí ó tètè tú u, ṣùgbọ́n àgbà dúdú kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ sínú òkun. Ìfura kì í kúrò lọ́kàn Delano. Cereno nìkan ni ó ń fura sí, pé bóyá olè orí omi ni, kò sì wá sí i lọ́kàn rárá pé àwọn dúdú lè jẹ́ olórí ètò kan.

Ibi tí ọgbọ́n Melville ti hàn jù lọ ni ibi tí Babo ti ń fá irùngbọ̀n ọ̀gá rẹ̀. Ó gbé Cereno jókòó, ó mú àsíá ilẹ̀ Sípéènì wá, ó fi í bò ó láyà gẹ́gẹ́ bí aṣọ onígbàjámọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n abẹ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Delano jókòó, ó ń wo ọ̀gbẹ́ni tí ó ń gbọ̀n lábẹ́ abẹ, ó ń dá ara rẹ̀ lára yá pé Ọlọ́run dìídì dá àwọn dúdú fún iṣẹ́ ìránṣẹ́ bíi gbígẹ irun àti fífá irùngbọ̀n ni. Nígbà tí ó bi Cereno ní ìbéèrè kan nípa ìjì tí ó sọ, abẹ gé Cereno lára, ẹ̀jẹ̀ sì yọ. Ẹni tó mọ ìparí ìtàn náà mọ̀ pé ní ojú Delano gan-an, nínú yàrá kan náà, ni wọ́n ti fi ikú halẹ̀ mọ́ ènìyàn. Ìtọ́jú ni Delano pè é.

Ìgbà tí Delano ń padà sí ọkọ̀ tirẹ̀ ni Cereno fò sínú ọkọ̀ kékeré náà, Babo sì fò tẹ̀ lé e tòun ti ọ̀bẹ. Ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Delano pé àwọn ẹrú ti gba ọkọ̀ tipẹ́, pé Babo ni olórí, pé eré ni gbogbo ohun tí òun wò láti àárọ̀. Aṣọ tí wọ́n fi bo iwájú ọkọ̀ já, egungun Aranda sì hàn níbi tí ère ọkọ̀ máa ń wà. Àwọn ará Amẹ́ríkà gba ọkọ̀ náà padà, wọ́n kó àwọn dúdú lọ sí ìlú Lima ní Peru, ilé ẹjọ́ sì gba ẹ̀rí lẹ́nu Cereno. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú Babo, kò la ẹnu. Wọ́n pa á, wọ́n sun òkú rẹ̀, wọ́n sì fi orí rẹ̀ kọ́ sórí òpó ní gbàgede ìlú. Cereno náà kú ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìdájọ́.

Ohun tí ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀

Delano kì í ṣe ẹni àròsọ. Ó gbé ayé, ó sì tẹ ìwé ìrìn-àjò rẹ̀, A Narrative of Voyages and Travels, jáde ní Boston ní 1817. Orí kejìdínlógún ìwé yẹn ni Melville mú, pẹ̀lú àwọn ìwé ilé ẹjọ́ tó wà nínú rẹ̀. Tryal ni orúkọ ọkọ̀ gidi náà, òpin oṣù kejìlá ọdún 1804 ni àwọn ẹrú gbà á, ogúnjọ́ oṣù kejì ọdún 1805 ni ọkọ̀ Delano, Perseverance, sì bá wọn pàdé ní Santa Maria. Ó dára kí olùkàwé mọ ohun tí Melville yí padà, nítorí pé ibẹ̀ ni èrò rẹ̀ ti hàn. Ó fa ọdún náà sẹ́yìn sí 1799, ó sì sọ ọkọ̀ náà ní San Dominick, orúkọ tí yóò rán ẹnikẹ́ni létí Saint-Domingue, ilẹ̀ tí Toussaint Louverture ti ń ṣáájú àwọn ẹrú tí wọ́n dìde láti 1791, tí ó sì di orílẹ̀-èdè Haiti ní 1804. Nínú ìtàn gidi, wọ́n ju òkú Aranda sínú òkun ni. Melville ni ó gbé egungun rẹ̀ sí iwájú ọkọ̀. Babo gidi kú nínú ìjà tí wọ́n fi gba ọkọ̀ padà, ọmọ rẹ̀ Mori ni ó sì ń ṣe bí ìránṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá ọkọ̀. Melville pa àwọn méjèèjì pọ̀ di ẹnì kan, ó sì jẹ́ kí ẹni náà yè títí dé iwájú adájọ́, kí àìsọ̀rọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ohun tí gbogbo ayé gbọ́.

Melville mọ ohun tí ọ̀tẹ̀ orí omi jẹ́. Ó bá ọkọ̀ apẹja àbùùbùtán lọ sí òkun ní oṣù kìíní ọdún 1841, ní 1842 wọ́n tì í mọ́lé ní Tahiti pẹ̀lú àwọn atukọ̀ tí wọ́n kọ iṣẹ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó bá ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà padà sílé, níbi tí ó ti ń wò bí wọ́n ṣe ń na àwọn atukọ̀ ní pàṣán. Ìlú New Bedford ni ó ti forúkọ sílẹ̀ fún ìrìn-àjò náà, ìlú yẹn náà ni Douglass ń gbé nígbà náà, tí ó ń ṣe lébìrà ní èbúté lẹ́yìn tí àwọn aláwọ̀ funfun tí ń dí ojú ihò ọkọ̀ kọ̀ láti bá a ṣiṣẹ́ pọ̀. Iṣẹ́ dídí ojú ihò ọkọ̀ yìí ni Douglass kọ́ ní Baltimore. Aṣọ atukọ̀ àti ìwé ìdánimọ̀ atukọ̀ tí ó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ni ó sì fi sá kúrò lóko ẹrú ní 1838. Òkun wà nínú ìwé méjèèjì nítorí pé àwọn tó kọ wọ́n ti fi òkun ṣiṣẹ́ jẹun.

Àánú tí kò rí nǹkan

Delano kì í ṣe ìkà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti le. Melville kò fi olóko ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ń na ẹrú ṣe ojú tí a ń gbà wo ìtàn. Ará Massachusetts, ọlọ́yàyà, tí inú rẹ̀ máa ń dùn tí ó bá rí ènìyàn dúdú lẹ́nu iṣẹ́, ni ó yàn. Asọ̀tàn kò sì kúrò ní èjìká Delano: ohun tí Delano kò bá rí, olùkàwé kò ní í rí i. Ìfẹ́ tí Delano ní sí àwọn dúdú jọ èyí tí ènìyàn ń ní sí ajá rere, asọ̀tàn sì sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Nítorí pé ó fẹ́ràn wọn lọ́nà yẹn, kò lè gbà pé wọ́n lè ronú. Nítorí pé kò gbà pé wọ́n lè ronú, ó wo ìdìtẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan láì rí i.

Ta ni ó ń kọ èyí sí? Àwọn olùkàwé Putnam's jẹ́ ará Àríwá tí ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ òwò ẹrú, tí wọ́n sì ti ka Uncle Tom's Cabin ti Harriet Beecher Stowe. Ìwé yẹn jáde ní 1852, wọ́n sì ta nǹkan bí 300,000 ẹ̀dà ní Amẹ́ríkà ní ọdún àkọ́kọ́. Tom tí Stowe kọ nípa rẹ̀ jẹ́ onísùúrù tí ó fara da ìyà títí ó fi kú, òun sì ni ó mú omijé jáde lójú àwọn ará Àríwá. Babo kò bẹ ẹnikẹ́ni fún omijé. Bẹ́ẹ̀ ni òfin kò jìnnà sí ilé Melville: Òfin Ẹrú Asálọ ti ọdún 1850 pàṣẹ pé kí wọ́n mú ẹrú tó bá sá wá sí Àríwá padà fún olówó rẹ̀. Lemuel Shaw, adájọ́ àgbà Massachusetts, tí ó kọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1851 láti gba Thomas Sims sílẹ̀ kí wọ́n má baà dá a padà sí Georgia, ni bàbá ìyàwó Melville, òun sì ni Melville ya ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Typee, sọ́tọ̀ fún. Àwọn ènìyàn rere ni wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé tí ó ń dá ẹrú padà ní Boston.

Ọdún mẹ́wàá ṣáájú Melville, Douglass ti fi ìka tọ́ àrùn Delano. Nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Narrative of the Life of Frederick Douglass, ti ọdún 1845, ó ṣàlàyé pé ìyàlẹ́nu ni ó jẹ́ fún òun, nígbà tí òun dé Àríwá, láti gbọ́ pé àwọn ènìyàn ń fi orin tí àwọn ẹrú ń kọ ṣe ẹ̀rí pé inú wọn dùn, nígbà tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ìbànújẹ́ wọn bá pọ̀ jù ni wọ́n ń kọrin jù. Àwọn àáké tó ń dún lórí San Dominick àti orin inú oko ẹrú Maryland jẹ́ ìró tí etí kan náà ṣì gbọ́. Ìyàtọ̀ kan wà, ó sì tóbi: Douglass sọ ìtumọ̀ ìró náà fún olùkàwé lójúkorojú; Melville fi olùkàwé sílẹ̀ kí ó kọ́kọ́ ṣì í gbọ́.

Eré ọ̀gá àti ìránṣẹ́

Ìwé tí ó bá Benito Cereno mu jù lọ, tí kò sì sí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni Running a Thousand Miles for Freedom tí ó jáde ní London ní 1860. Ní oṣù kejìlá ọdún 1848, William Craft àti ìyàwó rẹ̀ Ellen, tí wọ́n jẹ́ ẹrú ní ìlú Macon ní Georgia, gbéra lọ sí Àríwá. Àwọ̀ Ellen funfun tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí òyìnbó. Ó gé irun rẹ̀, ó wọ ṣòkòtò àti fìlà gíga, ó ṣe bí ọ̀dọ́mọkùnrin olóko ẹrú tí àìsàn ń gbé lọ sí Philadelphia fún ìtọ́jú. Ó fi aṣọ gbé apá ọ̀tún kọ́ ọrùn kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé kí ó fọwọ́ sí ìwé, nítorí pé kò mọ̀wé kọ. Ó di aṣọ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ó má baà jẹ́ pé wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó lo dígí ojú aláwọ̀ ewé. William ni ẹrú olóòótọ́ tí ó ń gé ẹran fún un lórí oúnjẹ, tí ó ń bọ́ bàtà rẹ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi láti Savannah sí Charleston, wọ́n jẹun pẹ̀lú ọ̀gá ọkọ̀, àwọn olóko ẹrú sì ń gba Ellen nímọ̀ràn pé kí ó má gba ìránṣẹ́ rẹ̀ gbọ́ jù. Ọjọ́ Kérésìmesì ni wọ́n dé Philadelphia.

Ọ̀gá tí ara rẹ̀ kò dá, ìránṣẹ́ tí kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n wò ó tí wọ́n sì yìn ín: eré kan náà ni. Babo kọ ọ́ sílẹ̀ fún Cereno láti ṣe pẹ̀lú ọ̀bẹ ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹrú méjì tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn ni wọ́n jọ ṣe é nínú ti àwọn Craft. Ohun tó mú kí eré náà ṣe é ṣe ní ọ̀nà méjèèjì ni pé àwọn olóko ẹrú ti dá ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti gbà á gbọ́ jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi ní í yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó bá ka ìwé àwọn Craft yóò rí i pé Babo kò ní láti jẹ́ ẹ̀mí àìrí kan kí ó tó lè ṣe ohun tí ó ṣe. Ìmọ̀ tí ẹrú èyíkéyìí ní nípa olówó rẹ̀ tó fún un.

Harriet Jacobs, nínú Incidents in the Life of a Slave Girl tí ó tẹ̀ jáde ní 1861 lábẹ́ orúkọ Linda Brent, fi ohun kan kún èyí tí Melville kò ní. Ní ìlú Edenton, North Carolina, ó sá pamọ́ sínú àjà ilé ìyá-ìyá rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méje, ibi tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 9, fífẹ̀ rẹ̀ 7, gíga rẹ̀ kò sì ju 3 lọ. Ó fi ohun èlò kan lu ihò sára ògiri, ibẹ̀ ni ó ti ń wo olówó rẹ̀ tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Ó kọ lẹ́tà, ó rán an lọ sí New York kí wọ́n lè fi í ránṣẹ́ láti ibẹ̀, olówó rẹ̀ sì wá a lọ sí Àríwá nígbà tí ó wà nítòsí rẹ̀ gan-an. Ní 1842 ni ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí òmìnira. Melville fún àwọn obìnrin ní ìlà díẹ̀: Delano rí ìyá kan tí ó sùn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó sì fi í wé ẹranko igbó, inú rẹ̀ dùn; inú ẹ̀rí ilé ẹjọ́ nìkan ni a ti gbọ́ pé àwọn obìnrin wọ̀nyí fẹ́ kí wọ́n dá àwọn Sípéènì lóró, pé wọ́n ń kọrin láti fi mú ọkàn àwọn tó ń jà le. Kí ni wọ́n ti fojú rí kí wọ́n tó dé ibẹ̀? Ilé ẹjọ́ kò bi wọ́n, Melville náà kò bi wọ́n. Ìdáhùn wà nínú ìwé Jacobs, ẹni tí ó sọ ní gbangba ohun tí olówó ẹrú ń fẹ́ lára ọmọbìnrin ẹrú, ní àsìkò tí sísọ ọ́ lè ba orúkọ obìnrin jẹ́. Àléébù gidi ni èyí nínú iṣẹ́ Melville, ìdáríjì fún un kò sì yẹ kí ó yá.

Ta ni ó ń sọ̀rọ̀, ta ni ó ń kọ ọ́ sílẹ̀?

George William Curtis, tí ó ń gba àwọn atẹ̀wé Putnam's nímọ̀ràn, fẹ́ràn ìtàn náà ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ìwé ilé ẹjọ́ tó gùn tí ó wà ní ìparí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti ṣe àròyé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀ ìwé ilé ẹjọ́ yẹn ni ibi tí ìtàn-àròsọ Melville àti ìwé àwọn ẹrú ti fara kan ara wọn jù. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn-ìgbésí-ayé ẹrú ni ó máa ń ní ọ̀rọ̀ aláwọ̀ funfun níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń jẹ́rìí pé òótọ́ ni: William Lloyd Garrison àti Wendell Phillips ṣe é fún Douglass, Lydia Maria Child ṣe é fún Jacobs. Nínú Benito Cereno, aláwọ̀ funfun ni ó jẹ́rìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò sì sí nínú ìwé náà rárá. Ìwé tí ó wà láàárín méjèèjì ni The Confessions of Nat Turner ti ọdún 1831: lẹ́yìn tí Turner ti darí ọ̀tẹ̀ tí ó pa nǹkan bí aláwọ̀ funfun 55 ní Southampton ní Virginia, agbẹjọ́rò kan, Thomas R. Gray, lọ bá a nínú túbú, ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tà á. Bí Turner ṣe sọ̀rọ̀ tó, kálàmù Gray ni ó gba kọjá.

Babo wò ó pé òun kò ní í fún Gray tòun ní iṣẹ́ ṣe. Douglass náà mọ irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀: nínú ìwé 1845 àti ti 1855, ó kọ̀ láti sọ bí òun ṣe sá, kí olówó ẹrú má baà dí ọ̀nà náà mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sì sọ ọ́ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ títí di 1881. Ìdákẹ́ jẹ́ ohun ìní fún ẹni tí wọn kò jẹ́ kí ó ní ohun kan.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Amistad fi hàn pé nǹkan lè rí lọ́nà mìíràn. Ní oṣù keje ọdún 1839, ní etí Cuba, àwọn ọmọ Áfíríkà 53, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Mende, gba ọkọ̀ náà lábẹ́ Sengbe Pieh. Wọ́n bá ara wọn nínú túbú ní Connecticut. Josiah Gibbs, olùkọ́ ní Yale, kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka oókan títí dé ẹẹ́wàá ní èdè wọn, ó sì ń rìn ní èbúté New York, ó ń kà á sókè, títí ó fi rí James Covey, atukọ̀ kan tí ó gbọ́ èdè náà. Covey ṣe ògbifọ̀, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sọ tẹnu wọn, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì dá wọn sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1841. Kò sí Covey ní Lima.

Ní 1853 ni Douglass kọ The Heroic Slave, ìtàn-àròsọ kan ṣoṣo tí ó kọ, lórí Madison Washington, ẹni tí ó darí ìdìde lórí ọkọ̀ Creole ní oṣù kọkànlá ọdún 1841. Ẹrú 135 ni ọkọ̀ náà ń kó láti Virginia lọ tà ní New Orleans; wọ́n darí rẹ̀ sí Nassau ní Bahamas, ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gba òmìnira. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé ẹnu òyìnbó ni Douglass náà fi ìdìde yìí sí: Tom Grant, igbákejì ọ̀gá ọkọ̀, ni ó ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn atukọ̀ mìíràn nílé kọfí kan ní Richmond. Ṣùgbọ́n Grant jẹ́wọ́ pé òun bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin tí ó borí òun, ó sì ń ṣàtúnsọ ọ̀rọ̀ Madison gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́. Douglass fẹ́ kí olùkàwé gbọ́ ẹ̀bẹ̀ Madison fún ẹ̀tọ́. Melville kò gbà pé àwọn olùkàwé ṣe tán láti gbọ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì tọ̀nà nípa Amẹ́ríkà àsìkò wọn, ṣùgbọ́n ti Douglass ni ó gba ìgboyà jù, nítorí pé òun ni ó tún ní láti gbé láàárín àwọn tí ó ń bá wí.

Cuba, Abẹ́òkúta àti ojú ọmọ kan

Martin Delany, dókítà àti olóṣèlú dúdú tí wọ́n bí ní òmìnira ní Virginia ní 1812, gbé ìtàn-àròsọ rẹ̀, Blake, jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àwọn ènìyàn dúdú ní 1859, ó sì tún gbé e jáde láti 1861 sí 1862. Akọni rẹ̀ rìn ká ìpínlẹ̀ Gúúsù láti gbin ìdìtẹ̀ sọ́kàn àwọn ẹrú, ó bá ọkọ̀ ẹrú lọ sí Áfíríkà, ó sì padà sí Cuba láti múra ọ̀tẹ̀ ńlá sílẹ̀. Cuba tí Delany mú kì í ṣe ibi àròsọ lásán: ní Matanzas, ní oṣù kọkànlá ọdún 1843, àwọn ẹrú oko ìrèké Triunvirato dìde, obìnrin Lukumí kan, Carlota, sì wà lára àwọn olórí wọn, Lukumí ni àwọn ará Cuba ń pe àwọn ọmọ Yorùbá. Nígbà tí apá kìíní Blake wà lọ́wọ́ àwọn olùkàwé, Delany fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Yorùbá, òun àti alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀, Robert Campbell, sì bá Aláké àti àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 1859, pé kí àwọn ọmọ Áfíríkà láti Amẹ́ríkà lè wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ìrìn-àjò tí Babo fẹ́ kí Cereno tu ọkọ̀ lọ, ìpadà sí Áfíríkà, ni Delany gbà pé ó ṣe é ṣe.

Ìwé kan tí ọmọ Yorùbá kọ tún wà tí ó yẹ kí ó jókòó pẹ̀lú àwọn wọ̀nyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ti Amẹ́ríkà wá. Ní 1837 ni Samuel Àjàyí Crowther kọ lẹ́tà gígùn kan sí ọ̀kan nínú àwọn alákòóso Ìjọ C.M.S., tí ó fi ròyìn bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní Ọ̀ṣoògùn ní 1821, bí wọ́n ṣe tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí dé Èkó, àti bí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba ọkọ̀ Pọtogí tí ó wà nínú rẹ̀ ní 1822. Ní orí ọkọ̀ ogun náà, òun àti àwọn ọmọ yòókù rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so rọ̀ àti ọta ìbọn ńlá tí wọ́n tò, wọ́n sì rò pé ẹran ènìyàn àti orí ènìyàn ni. Kò pẹ́ tí wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ọkàn wọn sì balẹ̀. Àjàyí ọmọdé ṣì í kà nítorí pé ẹ̀rù tí ó tọ́ ń bà á, ó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Delano àgbà ṣì í kà nítorí pé ẹ̀rù kò bà á, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò rárá. Kò sí ibi tí ìyàtọ̀ láàárín ìmọ̀ ẹni tí wọ́n ń tà àti ti ẹni tí kò sẹ́ni tó lè tà á ti hàn kedere tó báyìí.

Bí àwọn lámèyítọ́ ṣe kà á

Ó gba àkókò kí àwọn lámèyítọ́ tó dé ibi yìí. Ní 1937, Sterling Brown, olùkọ́ dúdú ní Yunifásítì Howard, kọ̀wé pé bí ìwà àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà ti le tó, Melville kò sọ wọ́n di ọ̀daràn, pé bí ọmọ ènìyàn gbogbo ṣe ń dìde ni wọ́n ṣe dìde. Ní 1941, F. O. Matthiessen ní Harvard ṣì ń ṣe àròyé pé Melville kò wọn ibi tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe sí àwọn ẹrú náà sórí òṣùwọ̀n. C. L. R. James láti Trinidad, tí ó kọ ìwé rẹ̀ lórí Melville nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà tì í mọ́lé ní Ellis Island, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1953, pe Babo ní akọni. Ó hàn gbangba pé àwọn olùkàwé dúdú ni wọ́n kọ́kọ́ rí i, kì í sì í ṣe nítorí pé wọ́n ní ẹ̀kọ́ ìwé ju àwọn yòókù lọ.

Ralph Ellison ni ó fi ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń wá hàn jù. Ní iwájú ìtàn-àròsọ rẹ̀, Invisible Man, tí ó jáde ní 1952, ó fi ìbéèrè tí Delano bi Cereno ní ìparí ìtàn sí i, níbi tí Delano ti ń fẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣókùnkùn bò ó lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á là. Nínú Melville, Cereno dáhùn pé ènìyàn dúdú náà ni, ọ̀rọ̀ sì tán. Ellison gé e kí ó tó dé ìdáhùn yẹn, ó sì fi odindi ìwé kan sí ipò rẹ̀, èyí tí ọkùnrin dúdú kan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.